Aago Ọwọ́ Tó Gbọ́ Ọkàn Èèyàn Méjì

Láti ọjọ́ tí mo ti dé láti òkè òkun, n kò lè ra búrẹ́dì ní Ìlaro kí ẹnì kan má dá mi dúró. Wọ́n á bi mí bóyá òtútù ọ̀hún ń pa èèyàn. Wọ́n á bi mí kí ni mo mú bọ̀. Màmá kan ní ìjọ wa tilẹ̀ fà mí sí ẹ̀yìn òpó, ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó fi iná mànàmáná sí mi lára. Mo ti dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Nítorí náà mo jókòó, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún dá mi dúró lẹ́yìn èyí, ìwé ni màá nà sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá màmá yẹn lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fi iná sí mi lára. Ó kéré débi pé eṣinṣin kò lè mọ̀ ọ́n lára. Ìyá mi ni mo torí rẹ̀ gbà.

Àyà ìyá mi

Èmi ni mo ń bójú tó yàrá ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaro. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá bà jẹ́ ni mo ń tún ṣe, wọn kì í sì í jẹ́ kí iṣẹ́ wọ́n mi. Ìyá mi ń gbé ní Ayétòrò, ó ń yan gàrí. Ó ti ń yan gàrí kí ó tó bí mi, ó sì gbà pé òun nìkan ni yóò mú ọjọ́ tí òun máa ṣíwọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Kò sẹ́ni tó tì í, kò sì kọsẹ̀. Ó kàn dédé rọ̀, ó wó lulẹ̀. Kí àwọn obìnrin tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jí, ó ń béèrè ẹni tó gbé asẹ́ òun. Ó ní oorun ló gbé òun lọ. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, apá rẹ̀ bá etí agbada gbígbóná, ó sì bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ìyẹn kì í ṣe oorun mọ́. Mo gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní Ìlaro.

Dókítà tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó so wáyà mọ́ ọn láyà. Ó ní òun fura pé ọkàn rẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ rí i lójú ẹ̀rọ ní ìgbà tó bá dúró gan-an, kí òun tó lè ṣe ohunkóhun sí i. Ọkàn ìyá mi kò dúró. Níwájú dókítà, ó fara balẹ̀, ó ń lù létòlétò bí ọmọ tó rí ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n so wáyà mìíràn mọ́ ọn pé kó wọ̀ ọ́ lọ sílé. Kó tó yan gàrí ọjọ́ kejì tán, ó ti tú gbogbo rẹ̀ nítorí pé ó ń bọ́ sínú agbada.

Dókítà ṣàlàyé pé bí òun bá rí ìdúró yẹn, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n lè fi sí abẹ́ awọ àyà rẹ̀, tí yóò máa rán ọkàn létí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ní ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹ̀rọ sí òun láyà.

"Bí ọkàn mi bá fẹ́ sinmi díẹ̀," ó ní, "ẹ jẹ́ kó sinmi. Ó ti ṣiṣẹ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ìyá mi lè dákú sórí iná nígbàkúgbà, a kò sì ní ẹ̀rí kankan tí a lè gbé síwájú rẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Bí fóònù mi bá dún láàárọ̀, màá kọ́kọ́ wò ó bóyá Ayétòrò ni wọ́n ti ń pè kí n tó gbé e.

Nígbà náà ni mo rí ìkéde kan láti Fínlándì, orílẹ̀-èdè kan ní òkè réré níbi tí òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàbù kan níbẹ̀ ń wá àwọn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n wá bá wọn ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pílásítà kékeré kan tí èèyàn ń lẹ̀ mọ́ àyà, tó ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Aago kan wà ní ọrùn ọwọ́ tó ń kọ ohun tí pílásítà bá gbọ́ sílẹ̀. Kò sí wáyà láàárín àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe inú afẹ́fẹ́ ni ìròyìn ń gbà bí ti fóònù. Ara èèyàn fúnra rẹ̀ ni wáyà. Ìròyìn á gba àyà dé èjìká, á gba apá sọ̀kalẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Iná tó ń gbé e kéré, nítorí náà bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, kò sì sí okùn kankan tó máa bọ́ sínú gàrí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Bọ́dà tí ẹnikẹ́ni kò ti kí mi

Bọ́dà orílẹ̀-èdè tí mo mọ̀ ni ti ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní oko lápá ibí, ó ní ìyàwó lápá ọ̀hún. Bí mo bá gba ẹ̀yìn Ìmẹ̀kọ kọjá, ọkùnrin tó wọ yúnífọ́ọ̀mù á bi mí ọmọ ta ni mí. Kí n tó dáhùn tán, á ti hàn pé ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá mi jọ wá láti Kétu ni. A óò wá kí ara wa ní Yorùbá, a óò fi bọ́ńjúù díẹ̀ lédè Faransé kún un, á sì di ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ní Fínlándì, ọmọkùnrin tó wà nídìí bọ́dà wo ìwé ìrìnnà mi, ó wò mí lójú, ó lu òǹtẹ̀, ó tì í padà sí mi. Mo kí i kú iṣẹ́. Mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ó ṣe ṣeé sọ, pé mo dúpẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ti òtútù, ẹ má bi mí mọ́. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja tútù, ẹ ṣí fìrísà wọn, ẹ ki orí bọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa bá a rìn lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ funfun bí láfún tí wọ́n sá sórí àpáta, àfi pé kò sẹ́ni tó máa kó o nílẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán mi tó dà, ilẹ̀ ti ṣú.

Ní ibùdókọ̀, wọ́n á dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, àlàfo àárín ẹnì kan àti ẹnì kejì á gba màlúù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo lọ dúró ti obìnrin kan bí a ti máa ń ṣe. Ó sún. Mo rò pé ó fẹ́ fún mi láyè, mo sún tẹ̀ lé e. Ó tún sún. Báyìí ni mo ṣe sún obìnrin ọmọlúwàbí náà jáde kúrò lábẹ́ òrùlé bọ́ sínú yìnyín. Inú bí mi, mo ní nítorí àwọ̀ mi ni. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé bí wọ́n ti ń ṣe sí ara wọn nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n fẹ́ dúró tì.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Nígbà tí yìnyín yọ̀ mí ṣubú, àwọn èèyàn yọ láti ibi tí n kò mọ̀, wọ́n gbé mi dìde, wọ́n gbọn aṣọ mi, wọ́n fún mi ní báàgì mi, wọ́n sì bá tiwọn lọ láì sọ ọ̀rọ̀ kan. N kò rí ojú ẹnikẹ́ni dúpẹ́. Ọpẹ́ yẹn ṣì wà lọ́rùn mi títí dòní.

Ohun tí wọ́n ń jẹ

Búrẹ́dì wọn dúdú, ó kan, ó sì le. Ọbẹ̀ ẹja wọn, wàrà ni wọ́n fi ń sè é. Mo bi wọ́n ibi tí ata wà, wọ́n na ìyẹ̀fun dúdú kan sí mi tí kò ta ju eérú lọ.

Ọ̀gá láàbù náà ń jẹ́ Kaisa. Ó jù mí lọ dáadáa, dókítà ìwé sì ni, ṣùgbọ́n ó ní Kaisa lásán ni kí n máa pe òun. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ń pè é ní Àǹtí Kaisa. Ó rò pé Àǹtí jẹ́ oyè kan lọ́dọ̀ wa, n kò sì já a níyàn. Òun ló fún mi ní súwíìtì wọn kan tó dúdú bí èédú, iyọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Ojú mi rí màbo. Nítorí pé ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí n tu ú, mo gbé e mì bí oògùn, mo sì dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ni wọ́n gbà pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí mò ń bọ̀, odindi páálí ni wọ́n rà fún mi. Ẹni tó ń béèrè ohun tí mo mú bọ̀, ó wà nílé, kó wá mú tirẹ̀.

Mo gbé gàrí ìyá mi lọ. Bí mo bá rẹ ẹ́ lọ́sàn-án, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á rọra wá dúró lẹ́yìn mi. Ọ̀kan tọ́ ọ wò, ó ronú, ó ní ó ṣeé ṣe kó dára fún ẹni tó bá dàgbà sínú rẹ̀. Ohun tí èmi náà ní lọ́kàn nípa súwíìtì wọn nìyẹn.

Ilé ooru

Àwọn èèyàn tí kò fẹ́ dúró ti ara wọn ní ibùdókọ̀ yìí, wọ́n ní ilé onípákó kan tí wọ́n ń dáná sí títí yóò fi gbóná bí inú ààrò. Wọ́n á bọ́ra sílẹ̀ pátápátá, wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin pẹ̀lú obìnrin, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, àwọn tó mọra àtàwọn tí kò mọra. Ẹnu yà mí. Kaisa, ọ̀gá mi, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí wọ́n ṣe bí i, ó ń bi mí nípa bátìrì. Mo ń wo òrùlé, mo ń dáhùn.

Bí mo ṣe dìde pé kí n jáde, ojú mi ṣókùnkùn, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Apá Kaisa ni mo rí dì mú. Wọ́n gbé mi jókòó síta, wọ́n fi yìnyín sí mi níwájú orí. Wọ́n ní ooru ni, pé ó máa ń ṣe àwọn àlejò bẹ́ẹ̀. Mo ní ìtìjú ni. A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ìgbà tí mo di ará Fínlándì mú tí kò yà á lẹ́nu.

Ọwọ́ Bàbá Eino

Àwọn àgbàlagbà kan wà tó máa ń wá sí láàbù láti bá wa dán ẹ̀rọ wò. Ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá Eino. Ọkọ̀ ojú irin ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jìnnà. A óò lẹ pílásítà mọ́ ọn láyà, a óò so aago mọ́ ọn lọ́wọ́, òun á máa rìn, á máa jókòó, àwa á máa wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù lójú kọ̀ǹpútà. Èmi náà wọ pílásítà tèmi, láìsí aago, nítorí Kaisa gbà pé ẹni tó bá ń ṣe nǹkan yìí gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń yún ni.

Bí ìyá mi bá ń kí èèyàn, ọwọ́ onítọ̀hún ni yóò kọ́kọ́ dì mú. Kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ títí yóò fi béèrè ara, ilé, oko, àwọn ọmọ, títí kan ewúrẹ́ tó bí lọ́jọ́sí. Bí ó ṣe kọ́ mi nìyẹn, n kò mọ òmíràn. Nígbà tí Bàbá Eino kọ́kọ́ wọlé, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò fà á padà. Ó ní ilé wà dáadáa. Ó ní òun kò lóko. Mo béèrè ewúrẹ́, ó ronú sí i tọkàntọkàn, ó ní òun kò ní ewúrẹ́.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí Kaisa sáré jáde láti yàrá rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ọkàn Bàbá Eino ti dà rú, ó ń lù ní ìlọ́po méjì. Mo jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti lọ wò ó. Ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀. Mo padà lọ dì í mú, ó tún dà rú. A dán an wò títí ó fi yé wa. Ọkàn mi ló ń gba ọwọ́ mi wọnú ọwọ́ rẹ̀, tó ń gba ibẹ̀ dé inú aago rẹ̀. Ara èmi àti ara bàbá náà ti di wáyà kan ṣoṣo, aago kò sì mọ ẹni tí yóò gbọ́ nínú wa.

Mo bi Kaisa bí ó ṣe jẹ́ tí wọn kò fi rí èyí rí láti gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó ronú, ó sì sọ òtítọ́: kò sẹ́ni tó di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú níbẹ̀ rí. Ó ní kò léwu, àwọn á kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé kò ṣàwàdà.

Mo sọ fún un pé láti àárọ̀ títí di alẹ́ ní Ayétòrò, ọwọ́ ìyá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó má fọwọ́ kan èèyàn mọ́, inú ààrò ni aago ọ̀hún máa wọ̀.

"Àǹtí Kaisa," mo ní, "ẹni tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èèyàn mọ́, àìsàn wo la ní à ń wò fún un?"

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn kì í ṣe ìjà.

Ohun kan tún wà. Bí mo bá ti di ọwọ́ Bàbá Eino mú pẹ́, àlàfo kan máa ń yọ nínú ohun tí aago rẹ̀ kọ, bí ẹni pé ọkàn rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó tún lù. Àyà Kaisa já. Ó ní kí bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ le koko. Kaisa wá ní ó ti yé òun: àlàfo yẹn ni ìgbà tí aago wà láàárín ohùn méjì tí kò sì gbọ́ ọ̀kankan. Ó bọ́gbọ́n mu. Èmi gan-an ni mo dìde ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù lórí pátákó, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

A sọ pílásítà lórúkọ

Ojútùú tí Kaisa padà mú wá ni pé kí a fún pílásítà kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Bó bá ń rán ìròyìn, á máa fi orúkọ rẹ̀ síwájú, aago á sì mọ èyí tó jẹ́ ti olówó rẹ̀. Èmi àti àwọn méjì mìíràn la ṣe é. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Ibi tí èmi àti Kaisa ti ṣèyapa ni ohun tí aago máa fi ohùn àlejò ṣe. Kaisa ní kó dà á nù. Mo ní rárá, kó kọ ọ́ sí ìlà kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá ń kọjá lọ tó sì kí ọ, kódà bí kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀, o kì í ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní ìyẹn á gba àyè nínú aago lásán. A jiyàn bí wọ́n ti máa ń jiyàn, ìyẹn ni pé a kò bá ara wa sọ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì ń gbé kọfí wá síwájú mi láàárọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Níkẹyìn ó ní ó dára, kí n ṣe é bẹ́ẹ̀ sí èyí tí mò ń gbé lọ fún ìyá mi. A sọ pílásítà ìyá mi ní Kìíní. Tèmi ni Kejì.

Bàbá Eino wá dágbére fún mi. Fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ méjèèjì, ó di tèmi mú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè ara mi, ó béèrè ilé, ó béèrè ìyá mi. Ó sinmi díẹ̀, ó ń wá èyí tó kù, ó wá béèrè ewúrẹ́. Mo ní wọ́n wà dáadáa. A kò ní ewúrẹ́. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó jókòó níwájú mi yíjú padà, ó fún mi ní tíṣù, ó sì kọjú síwájú.

Aago tí kì í sọ àsìkò

Nígbà tí mo dé Ayétòrò, ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó béèrè Bàbá Eino tó ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu mi lórí fóònù, ó ní mo rù. Mo gbé pílásítà àti aago jáde. Ó wò wọ́n títí, ó ní ohun tí mo bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ òun láyà, kí n kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ tara mi. Mo ṣí kọ́là aṣọ mi, mo fi Kejì hàn án. Ó ní kí n má yọ ọ́ nígbà náà, ọjọ́ tí mo bá yọ tèmi ni òun máa yọ tòun.

Bó ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Kò yún un, kò sì bọ́ sínú gàrí. Ó ń sọ fún àwọn tó wá kí mi pé ọmọ òun gbé aago kan bọ̀ láti òkè òkun tí kì í sọ àsìkò. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo jókòó tì í. Láàárọ̀ mo ń bá a tan iná. Nírọ̀lẹ́, á di ọwọ́ mi mú, á máa ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú lẹ́yìn mi, ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó kọ́lé tí kò sì yẹ kó kọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń ro gàrí lórí iná, mo rí i tí ọrùn rẹ̀ rọ̀. Mo gbá a mú léjìká kó tó dé ibi agbada. Ó wúwo lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó lajú, ó ní ta ló gbé asẹ́ òun. Inú mi dùn pé ìyá mi dákú. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ èyí kó má burú létí, nítorí náà mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Aago ti rí i.

Ìlà kejì

A gbé aago lọ bá dókítà ní Ìlaro. Ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lórí ìlà kìíní, ọkàn ìyá mi ń lù, ó ń lù, ó sì dúró. Àlàfo náà gùn gbọọrọ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Dókítà fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ní ohun tí òun ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó ní kí ìyá mi jẹ́ kí òun kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré yẹn sí i láyà.

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, ó sì kọ̀. Dókítà bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo rán an létí agbada, mo rán an létí apá rẹ̀ tó bó. Ó ní òun ti gbọ́, ọkàn òun ti ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa sinmi. Ó gbé báàgì rẹ̀ sí abíyá, ó ń tún gèlè wé. Mo rí i pé gbogbo ìrìn tí mo rìn ti já sí asán.

Dókítà ṣì ń wo kọ̀ǹpútà. Ó sọ̀kalẹ̀ sí ìlà kejì.

"Ta ni Kejì?" ó béèrè.

Mo ní èmi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, tìgbéraga tìgbéraga, pé aago yìí kì í da ohùn àlejò nù, pé bí ìyá mi bá di ọwọ́ mi mú, á kọ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò gbọ́ mi. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ ọ́, ní àsìkò tí ìyá mi ń ròyìn ìlú fún mi. Lórí ìlà kejì, ọkàn ń lù, ó ń lù, ó sì dúró. Kò gùn tó ti ìlà kìíní, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni. Níwájú díẹ̀, òmíràn tún wà.

Mo la ẹnu pé kí n sọ fún un pé ìgbà tí aago wà láàárín ohùn méjì nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ pílásítà lórúkọ. Aago yìí kì í fi ohùn ẹnì kan pe ti ẹlòmíràn mọ́. Mo rántí Bàbá Eino tí wọ́n yẹ̀ wò títí nítorí àlàfo tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo rántí ilé ooru. Dókítà bi mí bóyá mo ti dákú rí. Mo ní ooru ni.

Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ojú mi. Ó bi mí kí ló dé, mo ní kò sí. Ó kọjú sí dókítà.

"Dókítà, kí lẹ rí lára ọmọ mi?"

Dókítà sọ fún un. Ó ní ohun kan náà ni, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára mi ni, pé ó dára bí a bá tètè mójú tó o. Ìyá mi sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó jókòó, ó fà mí sún mọ́ ara, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì bi dókítà bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi síni láyà yẹn máa ń dunni. Dókítà ní ó máa ń dunni díẹ̀.

"Ẹ kọ orúkọ mi," ni ìyá mi wí. "Èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Kí Àṣàkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá dùn mí jù, màá sọ fún un."

Èmi ni Àṣàkẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ń lọ sí Ìbàdàn. Ó ti yan gàrí tí a máa gbé dání, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí òun bá wọlé, kí n má sunkún lójú àwọn dókítà.

Ẹ foríjì mí bí ìlà ìwé yìí bá wọ́ níbì kan. Kò sí ọwọ́ tó di ìwé mú fún mi. Ìyá mi jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé níbí, ó ń kí àwọn tó ń kọjá, ọwọ́ òsì mi sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀.